Ojú Bàbá Ni, Ẹ Bi Bàbá

Iloffa,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Moróhunfọ́lá Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Leeds ti ń dẹwọ́ fún yín? Ilé wa wà bí ó ṣe yẹ kí ó wà. Àbúrò rẹ Ẹwà ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Odo-Owa, ó sì ń bọ̀ láyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò àkọ́rọ̀ ti sọ ọ̀nà náà di ẹrẹ̀. Òun ni yóò ya àwòrán lẹ́tà yìí tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo mọ̀ pé fóònù ni o fẹ́. Ṣùgbọ́n bí èmi àti ìwọ bá pẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ìjà ni. Lórí ìwé, olúkúlùkù máa ń sọ tirẹ̀ tán.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mùhísínì, ọmọkùnrin ará Osi tó fẹ́ fẹ́ Ẹwà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ níbí, wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún mi ní Sátidé. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì wá, wọ́n kọ ebè iṣu sí oko mi ní ọ̀nà Idofin. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọ̀sán, mo dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ oko, mo wo ebè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àbẹ̀kẹ́, ó wọ́ bí ejò! Àárín rẹ̀ tilẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbà tí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ tì í.

Mo ní, "Mùhísínì, kí ni èyí?"

Ó ní, "Ebè ni, sà."

Mo ní, "Ebè tó mutí yó."

Ọ̀kan nínú wọn, Abdulqoyyum, ní, "Bàbá, a ta okùn sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun o."

Mo ní, "Okùn yín náà wọ́. Ọwọ́ bíírò ni ọwọ́ yín, ẹ padà lọ di bíírò mú. Ẹni tí kò lè to ebè, báwo ni yóò ṣe to ilé?"

Àwọn obìnrin ti gbé iyán dé. Mo ní kí wọ́n gbé e padà, n kò gba ọ̀wẹ̀ náà. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ lébi. Ẹwà kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò bìkítà. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, n kò gba ìlà wíwọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Má ṣe bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Ohun kan kù. Bíbélì tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ rẹ́ ọ jẹ. Wọn kò fi yíǹkì tó pọ̀ tó sí i. Bí mo bá ń kà á, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ máa ń hàn, àárín kì í hàn. Bá mi wá òmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Japhet Olóyèdé.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú ìtọ́jú Ẹwà. A wà dáadáa, àwọn ọmọ ń kí yín. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ èyí kó lè rọ̀ yín lọ́rùn láti kà.

Inú bí mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Osi? Wọ́n ní torí pé Mùsùlùmí ni Mùhísínì lẹ ṣe lé e lóko. Màmá rẹ̀, Alhaja Salamot, ní bí ọmọ òun kò bá dára tó fún àwọn onígbàgbọ́ Iloffa, kó máa bọ̀ nílé. Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò sí lọ́kàn yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà pé torí ebè lásán ni? Ẹ tún ti yan ọ̀nà fún ọmọ yín láìbi í, bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí mo wá ka ìparí lẹ́tà náà, tí ẹ ní yíǹkì kò sí láàárín ọ̀rọ̀, ìbínú mi kúrò. Ẹ̀rù ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì yín, kí ẹ fi ọ̀tún wo òpó iná tó wà níbẹ̀. Bí òpó náà bá wọ́, kì í ṣe òpó ló wọ́.

Àìsàn kan wà tó máa ń mú ojú àgbàlagbà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí kò yẹ kó sí níbẹ̀ á hù sí ẹ̀yìn ẹyin ojú, á máa jò, ibẹ̀ á sì wú. Ohun tó tọ́ á máa wọ́, àárín ohun tí èèyàn ń wò á máa parẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i níbi iṣẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ tí à ń gún sínú ojú ló ń dá a dúró. Bí a kò bá tètè gún un, àárín ojú á kú, kò sì sí ẹni tó lè jí i. Ẹ sì rántí pé ojú òsì yín ti ṣú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀tún nìkan lẹ ní.

Mo ti bá ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin sọ̀rọ̀. Mùhísínì ni yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé yín lọ. Mo pè é, kò janpata, ó ní òun á ṣe é. Ẹ̀yin náà, ẹ má bá mi jiyàn.

Ọmọ yín,
Moróhunfọ́lá.


Iloffa,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Moróhunfọ́lá,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé.

Òpó iná náà wọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Bàbá Wisdom tó ń tún ọ̀kadà ṣe ń kọjá lọ, mo bi í pé, "Ṣé òpó yìí tọ́?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rì í."

Wọ́n ti gún mi ní abẹ́rẹ́ náà. Kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n kán oògùn sí i títí ojú náà fi kú tipiri, wọ́n fi wáyà kékeré kan gbé ìpéǹpéjú sókè, wọ́n ní kí n wo òkè. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lójú, ó parí. Lẹ́yìn náà, àwọn nǹkan dúdú roboto ń léfòó kiri bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi. Wọ́n ti lọ báyìí.

Dókítà náà jẹ́ ọmọ tí mo lè bí ní abíkẹ́yìn. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mùhísínì ló kọjú sí. "Ṣé Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé Bàbá á lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́? Kí ẹ máa gbé Bàbá wá lóṣooṣù." Mo jókòó láàárín wọn bí àpò gàrí tí wọ́n fẹ́ fi mọ́tò ránṣẹ́.

Mùhísínì kò sọ̀rọ̀ ebè. Èmi náà kò sọ.

Bàbá rẹ,
J. Olóyèdé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire, sà! Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo fi lẹ́tà yín han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo túmọ̀ ibi ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ fún wọn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí aláìsàn tó ṣàpèjúwe rẹ̀ báyẹn rí.

Mo ti ṣètò ìyókù. Lóṣooṣù, ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Mùhísínì á gbé yín. Ó ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún gbogbo ọdún yìí. Ẹ kò ní ṣe ohunkóhun ju pé kí ẹ wọlé sínú ọkọ̀ lọ.

Ọmọ yín,
Moróhunfọ́lá.


Leeds,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2024.

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti kọ̀wé sí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò fèsì. Bí mo bá pè, ẹ̀yin ni ẹ máa ń gbé e, ẹ máa ń ní "Ojú wà ńbẹ̀," ẹ ó sì pa á.

Ẹwà ti sọ òtítọ́ fún mi. Wọ́n gún yín ní oṣù kẹrin, wọ́n gún yín ní oṣù karùn-ún, ó tán. Ní oṣù kẹfà, ẹ sọ fún Mùhísínì lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀rẹ́ yín kan ni yóò gbé yín lọ. Ní oṣù keje, ẹ ní ẹ ti lọ. Kò sí ọ̀rẹ́ kankan. Ibi tí ẹ lọ kò ju ẹ̀yìn ilé lọ.

Bàbá, kí ni mo ṣe? Ṣé abẹ́rẹ́ ló ń bà yín lẹ́rù? Àwọn àgbà ibí náà ń bẹ̀rù, a sì ń bá wọn sọ ọ́. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó fi dandan lé e pé oṣooṣù ni òun fẹ́ máa wá, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni ọmọ òun máa ń rí àyè jókòó ti òun. Bàbá kan sì bẹ̀ wá pé kí a fi àlàfo sí i, torí ìyàwó òun ló ń wakọ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. A máa ń bi wọ́n, wọ́n á sọ, a ó wo ohun tí ojú wọn lè gbà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, wọ́n ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù wọ́n lọ lẹ jókòó sílé tí ẹ ń fi ojú kan ṣoṣo ṣeré.

Ẹkún ni mo fi ń tẹ èyí. Ẹ fèsì.

Moróhunfọ́lá.


Iloffa,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Nu ojú rẹ. Ẹwà ló ka lẹ́tà rẹ fún mi, torí n kò lè kà á mọ́, bó ti wù kó tóbi tó. Òun náà ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó má ṣe yọ ohunkóhun kúrò, àní ibi tó bá kan òun.

Abẹ́rẹ́ kọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kọ́.

Ìtìjú ni. Jókòó, kí o fi ara rẹ sí ipò mi. Ọmọ kan wá fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún ọ, o lé e lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, o gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Oṣù kan kò pé, ọmọ náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọ, tó ń di ìgbọ̀nwọ́ rẹ mú kí o má kọsẹ̀. Ó ń kí mi, "Ẹ rọra, sà." Kò fi ojú burúkú wò mí rí. Ìbá bú mi, ara ìbá tù mí. Láti Iloffa dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Iloffa, ọ̀rọ̀ náà wà ní ọ̀fun mi, kò jáde. Ìgbà tó yá, mo ní kàkà kí n tún jókòó ti ọmọ yẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ojú náà máa lọ.

Mo mọ̀ pé òmùgọ̀ ni. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ pé kí wọ́n máa bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀. Èmi fúnra mi kò kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ wí díẹ̀ náà. O ní ẹ máa ń bi ìyá kan, ẹ máa ń bi bàbá kan, ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí? O yan ilé ìwòsàn, o yan ọjọ́, o yan ọkọ̀, o yan awakọ̀, nínú gbogbo ènìyàn ayé, o yan ẹni tí n kò lè wò lójú. Dókítà bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá títí ikú ni n ó máa gbà á lóṣooṣù, n kò mọ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ojú mi ni, àwọn ènìyàn ń ṣèpàdé lórí rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ èyí tán ni mo rántí ibi tí o ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni. Nígbà tí o parí ìwé mẹ́wàá, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ̀rọ̀ amòfin sí fọ́ọ̀mù rẹ. Nígbà tí o ní nọ́ọ̀sì ni o fẹ́, mo ní ọmọ ọ̀gá ilé ìwé kò ní máa gbé póò fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n dé yín ní fìlà nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ lọ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi jókòó sílé, mo ń ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Títí di òní, bí wọ́n bá bi mí níbi ìpàdé pé kí ni ọmọ rẹ ń ṣe ní òkè òkun, mo máa ń dáhùn pé, "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn." Mo mọ̀ dáadáa pé wọ́n á rò pé dókítà ni. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìwọ lo sọ fún mi láti Leeds pé òpó kò wọ́. Nínú gbogbo Iloffa kò sí ẹni tó mọ̀ pé ojú mi ló wọ́.

Má bínú sí mi.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ tọ́, sà. Mo ń bi àlejò, n kò bi bàbá mi. Mo rò pé tí mo bá fi àyè sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n fún yín báyìí, ẹ ó kọ̀. Ẹ̀rù ló mú mi ṣe bí ọ̀gá ilé ìwé.

Ó yá, mo bi yín báyìí. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ojú tó bá ń jò, a máa kọ́kọ́ gún un lóṣooṣù títí yóò fi gbẹ. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà yẹ èyí sílẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, àwọn kan máa ń wá lóṣooṣù síbẹ̀, torí ọkàn wọn balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń ní kí a fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àlàfo náà, kí a tún wò ó, kí a tún fi kún un. Ọjọ́ tí omi bá tún yọ, a ó dín in padà. Ìrìn-àjò á dín kù, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, torí ẹni tó bá yẹ ọjọ́ kan níbẹ̀ ti pàdánù ohun púpọ̀. Abẹ́rẹ́ mìíràn tún wà tó máa ń pẹ́ lójú ju ti Ìlọrin lọ. Èkó ni mo ti gbọ́ pé ó wà, ọ̀nà náà sì jìn. Bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n wò yín kí wọ́n sì gún yín lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ padà wá, ẹ lè sọ ìyẹn náà. Ẹ lè sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀ lé yín. Bí ẹ kò bá fẹ́ Mùhísínì, kò ní jẹ́ Mùhísínì.

N kò ní sọ èyí tí mo fẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ojú kì í dúró de ọ̀rọ̀.

Ní ti fìlà nọ́ọ̀sì, mo ti sunkún ọjọ́ náà tán tipẹ́. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, sà. Mo kà á fún ọkọ mi sókè.

Ọmọ yín,
Moróhunfọ́lá Àbẹ̀kẹ́.


Iloffa,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Moróhunfọ́lá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó gba ojú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀,

Ṣé ara le? Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé torí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Wo ìlà rẹ̀ bó ṣe rí, má ṣe fi rẹ́rìn-ín. Gègé ńlá tí Ẹwà fi ń kọ nǹkan sórí páálí ni mo lò.

Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé, mo rìn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mùhísínì dìde nídìí tábìlì rẹ̀, ó rò pé aburú ló dé. Mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti bú ọ ni n ó ti bẹ̀ ọ́, lójú àwọn tí mo bú ọ lójú wọn. Kó wọn jọ fún mi." Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti tán." Mo ní, "Lọ́dọ̀ tìrẹ nìyẹn."

Gbogbo wọn wá. Ẹwà ti fi ìkọ̀kọ̀ gbin iṣu sí àwọn ebè náà nígbà tí mo ń ṣe agídí, iṣu náà sì ta dáadáa. Òun ni a gún. Mo dúró níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ebè yín tọ́. Ojú mi ló wọ́, ẹnu mi ló sì burú. Ẹ forí jì mí." N kò mọ ibi tí n ó fi ọwọ́ mi sí. Abdulqoyyum wá ní, "Bàbá, okùn wa ńkọ́? Ṣé òun náà ti tọ́ báyìí?" Ẹ̀rín sọ. Alhaja Salamot, tó bá wọn wá, ní, "Àna mi, odindi Osi ló ti ń pè yín ní ọ̀tá ẹ̀sìn láti ìgbà yẹn. Ṣé ojú lásán ni! Ẹ ò sì sọ." Mo ní, "Alhaja, èmi náà kò mọ̀." Ó ní, "Ọkùnrin kì í kúkú sọ pé òun ò ríran. Bàbá Mùhísínì rìn wọ inú kànga gbígbẹ kó tó gbà." A jẹun tán pátápátá.

Ọ̀la rẹ̀ ni Mùhísínì gbé mi lọ sí Ìlọrin. Èmi ni mo ní òun ni mo fẹ́. Dókítà ya àwòrán ẹ̀yìn ojú mi, ó mí kanlẹ̀, ó kọjú sí Mùhísínì, ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá ti pẹ́ jù kí wọ́n tó padà wá. Ṣé Bàbá á lè máa..."

Mùhísínì ní, "Ẹ má bínú, Dókítà. Ojú Bàbá ni, ẹ bi Bàbá."

Ó yíjú sí mi. Mo sọ tèmi. Mo ní kí ó sọ òtítọ́ fún mi lákọ̀ọ́kọ́. Ó sọ ọ́. Ó ní ojú náà ti ní àpá láàárín, pé apá kan nínú ohun tí mo pàdánù kò ní padà. Bíbélì mi kò ní hàn sí mi bí ti àtijọ́ mọ́, àní bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí pátákó ojú ọ̀nà. Mo gbà á. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sọ ọ́ nù.

Lẹ́yìn náà mo ní, "Mo fẹ́ máa wá lóṣooṣù títí yóò fi gbẹ. Bó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, kí a máa wò ó lọ, torí ọmọ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. N kò fẹ́ Èkó. Kí ẹ wò mí kí ẹ gún mi lọ́jọ́ kan náà, kí n tó kúrò níbí. Kí ẹ sì máa pè mí ní orúkọ mi kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ju gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Olóyèdé, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

Mo ní, "Ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ojú ló ń gún, ní Leeds. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún un."

Àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Mo tún un sọ kí ẹni tí kò gbọ́ lè gbọ́.

Wọ́n ti gún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán fi hàn pé ó ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún mi kí n tó padà. Mo ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń mọ ẹni tó ń kí mi kó tó lanu, bí kò bá jìnnà jù. Ojú Ẹwà hàn sí mi, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọ̀ràn kan ló kù. Àwọn àgbà ìjọ wa pọ̀ tó ń sọ pé iná kò mọ́lẹ̀ tó, pé lẹ́tà inú ìwé orin kéré jù. Alhaja sì ní bákan náà ni ní Osi. Mo ti sọ fún wọn pé mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó lè là wọ́n lóye ní oṣù kejìlá tó bá wálé. N kò dá ọjọ́, n kò sì ṣèlérí. Ṣé wàá fẹ́ ṣe é? Bó bá jẹ́ ìsinmi nìkan ni o fẹ́ tìtorí rẹ̀ wálé, ìsinmi náà ni. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà láti ṣe é, jọ̀ọ́, wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, pẹ̀lú fìlà, bí wọ́n bá ṣì ń dé e. Mo fẹ́ jókòó sí iwájú pátápátá. Àṣẹ kọ́ o. Ìbéèrè ni.

Èmi ni,
Bàbá Nọ́ọ̀sì,
Japhet Olóyèdé.